Higher Márùn-ún: Ìrírí Mi Nípa Yíyan Sọ́bújẹ́ẹ̀tì fún Yunifásítì ní Scotland

Tísà ni mí kí n tó kúrò ní Nàìjíríà. Ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì mọ bí nǹkan ṣe ń lọ lọ́hùn-ún: ọmọ bá dé SS1, wọ́n á ní kó bọ́ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, tàbí ti áàtì, tàbí ti kọmáṣíà. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún un. Ọmọ sáyẹ́ǹsì mọ ohun tó máa kọ ní WAEC, ó mọ mẹ́rin tó máa mú ní JAMB, òbí rẹ̀ náà sì ti mọ ohun tí òun á máa pe ọmọ lójú àwọn ará àdúgbò.

Ní Glasgow, kò sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Fọ́ọ̀mù kan ni ọmọ mi obìnrin mú wálé ní S3, ìyẹn ọdún kẹta sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n pín in sí òpó mélòó kan láti òkè délẹ̀, wọ́n to sọ́bújẹ́ẹ̀tì sábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré ni ọmọ sì lè mú lábẹ́ òpó kan. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ti wà níbẹ̀ fún gbogbo wọn. Ìyókù kù sọ́wọ́ ọmọ àti òbí. Bí Físíìsì àti Music bá jọ wà lábẹ́ òpó kan náà, ọmọ ní láti fi ọ̀kan sílẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Bí ìdánwò wọn ṣe ń gòkè nìyí: S4 ni National 5, S5 ni Higher, S6 ni Advanced Higher. Ní S4, ilé ẹ̀kọ́ kan lè fàyè gba sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, òmíràn méje, òmíràn mẹ́jọ. Tó bá di S5, márùn-ún ló wọ́pọ̀, Higher márùn-ún yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ dá lé. Èsì rẹ̀ á ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, kí ọmọ tó kọ fọ́ọ̀mù UCAS, èyí tí wọ́n fi ń wá àyè ní yunifásítì, ní S6. Nítorí náà, ohun tí ọmọ ti gbà lọ́wọ́ ni yunifásítì kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe bíi ti England níbi tó ti jẹ́ pé àsọtẹ́lẹ̀ tísà ni wọ́n ń gbára lé jù. Ọmọ tó bá ṣe dáadáa ní S5 lè gba àyè tí kò ní àdéhùn kankan nínú. Dìgírì wọn jẹ́ ọdún mẹ́rin, torí pé láti orí Higher ni wọ́n ti kà á. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kì í sì í san kọ́bọ̀ fún ìdánwò náà. Ẹni tó ti san owó WAEC rí á mọ bí èyí ṣe dùn mọ́ mi tó.

Ìròyìn pé fọ́ọ̀mù ti dé tàn kálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀gbọ́n kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìsìn. "Ìyá wa, sáyẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kẹ́ ẹ kó fún un o. Báọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Geography tàn án jẹ. Dókítà ni a fẹ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo délé, mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ó ní, "Mummy, ẹ̀jẹ̀ ń já mi láyà. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀. Afárá ni mo fẹ́ máa kọ́." Láti ìgbà tí a ti fi ọkọ̀ ojú irin kọjá lórí afárá Forth lọ sí Aberdeen ló ti ń sọ ọ́, mo rò pé á kúrò lára rẹ̀ ni. Kò kúrò.

Inú ilé ẹ̀kọ́ wọn ni mo ti rí ẹni tó la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Skills Development Scotland, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àti ìmọ̀ọ́ṣe, máa ń fi agbaninímọ̀ràn sí àwọn sẹ́kọ́ńdírì ìjọba, òbí sì lè bá a sọ̀rọ̀. Mo ti rò pé á gbé ìwé ìléwọ́ kan fún mi kó sì ní kí n máa lọ. Kọ̀ǹpútà ló ṣí, ó gbé ojú ewé kọ́ọ̀sì ẹnjiníà tó ń kọ́ afárá jáde ní yunifásítì mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ní kí n máa ka ohun tí wọ́n béèrè sókè. Ìṣirò. Físíìsì. Ìyókù, sọ́bújẹ́ẹ̀tì yòówù tí ọmọ bá mú, bó bá ṣáà ti gba máàkì tó dáa, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ má sì mẹ́hẹ. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti dárúkọ Báọ́lọ́jì. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ ni mo rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka ọ̀nà yìí bọ̀: kọ́ọ̀sì ni ẹ máa kọ́kọ́ wò, ẹ wá padà sórí Higher, kí ẹ tó padà sórí National 5, fọ́ọ̀mù S3 ló máa kẹ́yìn. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá, iwájú la ti ń kà á. A ń fẹ́ kó gbogbo sáyẹ́ǹsì jọ ná, ká wá máa wo ibi tó máa gbé ọmọ lọ.

Mi ò sọ pé sáyẹ́ǹsì mẹ́ta burú o. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe dókítà lóòótọ́ kò gbọdọ̀ fi Kẹ́mísírì ṣeré, torí ibi gbogbo ní Scotland ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Ó tún máa kọ UCAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń yan àwọn tó fẹ́ ka ìṣègùn, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ni fọ́ọ̀mù UCAS ti ìṣègùn ń parí nígbà tí ti ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì tó kù ń dúró di oṣù kìíní, nínú àyè márùn-ún tó wà lórí fọ́ọ̀mù UCAS, mẹ́rin péré ló sì lè fi wá ìṣègùn. Ẹni tó fẹ́ ẹ tọkàntọkàn á ṣe é. Ọmọ tí wọ́n kàn ń tì, kì í pẹ́ tó fi ń hàn lójú rẹ̀. Ohun tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn tó fẹ́ ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo rò pé Computing Science ni dandan. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì tí mo wò, Ìṣirò ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní dandan, Computing wulẹ̀ dára kéèyàn ní in ni.

Ọmọ mi mú Físíìsì, Geography àti Graphic Communication kún ti dandan, pẹ̀lú Kẹ́mísírì fún S4 nìkan, kí ilẹ̀kùn kan lè ṣì wà ní ṣíṣí bí ọkàn rẹ̀ bá yí padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni Ìṣirò. Lẹ́yìn Kérésìmesì ní S4 ni wọ́n kọ prelim, ìyẹn ìdánwò tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ máa ń ṣe kí ti gidi tó dé. Tirẹ̀ kò dára rárá. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé kí á rò ó wò bóyá á bọ́ sí Applications of Mathematics. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìyẹn. Irú Ìṣirò méjì ló wà ní National 5 àti ní Higher. Ọ̀kan ni Mathematics tí gbogbo wa mọ̀: algebra, trigonometry, calculus tó bá di Higher. Èkejì ni Applications of Mathematics, tó dá lórí ètò ìnáwó, ìmọ̀ ìṣirò iye (statistics), àti bí wọ́n ṣe ń fi Ìṣirò ṣe nǹkan lójoojúmọ́. Kì í ṣe ti olódo o. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyíkéyìí nínú méjèèjì ní National 5 ni wọ́n ń gbà, pẹ̀lú Higher English. Ó sì wúlò ju calculus lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Èmi tí mo kọ́ calculus, ẹ má béèrè ìgbà tí mo lò ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, Mathematics ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gba àyè lọ́dọ̀ olùkọ́ Ìṣirò rẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo gbé lọ: "Bó bá bọ́ sí ìkejì yìí, ilẹ̀kùn wo ló tì?" Ọkùnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ bọ inú. Ó ní ẹnjiníà máa tì, Físíìsì ní yunifásítì máa tì, ó sì ní òun kò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún ọmọ náà. Mo ní, ó dáa, kí ló kù láàárín òun àti C? Ó mú ìwé ìdánwò náà jáde. Gbogbo máàkì tó sọnù wà nínú bébà àkọ́kọ́, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n lo kalikulétọ̀ fún. Ìdá-ìdá, nọ́ńbà tó kéré sí òdo, indices. Ọmọ tó ń tẹ kalikulétọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti kú sí ìṣirò orí. Ìyẹn mo lè wò. Ohun tí mo fi ń jẹun fún ọdún púpọ̀ nìyẹn.

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ bí ìrànlọ́wọ́ ṣe pọ̀ tó nílẹ̀ yìí, àti bí ẹnikẹ́ni kì í ṣe é gbé wá bá èèyàn nílé. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ń ṣe supported study lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde kíláàsì, ọ̀fẹ́ ni, olùkọ́ wọn gan-an ló ń kọ́ wọn. Ọmọ mi kò lọ rí, torí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í lọ. Nígbà ìsinmi Àjíǹde, wọ́n tún ń ṣe kíláàsì, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹrin. Ìméèlì ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ìméèlì ilé ẹ̀kọ́ a máa kún títí. Mo bẹ ọ̀gá tó ń mójú tó ọmọ mi nílé ẹ̀kọ́ náà, pupil support teacher ni wọ́n ń pè wọ́n, pé ohun tó bá kan ìdánwò, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ṣe é láti ìgbà náà lọ. Gbogbo ọmọ ló ní irú olùkọ́ yìí, òun náà ló sì sábà máa ń wà nídìí ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́rìí ọmọ, tó ń tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù UCAS. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun náà mọ tiyín.

Ìwé ìdánwò àtẹ̀yìnwá wá ni olórí gbogbo rẹ̀. SQA, àjọ tó ń ṣe àwọn ìdánwò yìí, tí òfin ọdún 2025 ní kí Qualifications Scotland gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kó ìlànà tí àwọn olùmáàkì ń tẹ̀ lé síbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, àwa tísà tó bá lọ máàkì WAEC nìkan ló ń rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí àṣírí ìmùlẹ̀ ni à ń tọ́jú rẹ̀. Níbí, ọmọ lè rí i pé máàkì kan wà fún kíkọ fọ́múlà, òmíràn fún fífi nọ́ńbà sí i, òmíràn fún ìdáhùn. Mo ní kí ọmọ mi máa máàkì ara rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa. Kò pẹ́ tó fi yé kọ ìdáhùn lásán sílẹ̀, ó ń fi bó ṣe ṣe é hàn. Físíìsì rẹ̀ náà gbé pẹ́ẹ́lí, a ò tíì tiẹ̀ fọwọ́ kan ìyẹn.

A ò ní àyè púpọ̀ nílé. Mitchell Library ló ń lọ, ní Charing Cross, ilé ìkàwé ńlá tí wọ́n fi owó tí oníṣòwò tábà kan fi sílẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1877. Mo máa ń sọ fún un pé tábà náà ṣe rere kan. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló ń wọ̀ lọ síbẹ̀, torí pé láti oṣù kìíní 2022 ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún méjìlélógún ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní Scotland bó bá ti ní káàdì rẹ̀. Ní alẹ́, e-Sgoil: kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ láti Stornoway ní àwọn erékùṣù ìwọ̀ oòrùn, níbi tí olùkọ́ kò ti pọ̀, tó wá di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé ẹ̀kọ́ tún fún un ní orúkọ ìwọlé fún SCHOLAR, ti yunifásítì Heriot-Watt, tó ní àlàyé àti ìbéèrè fún Higher. Ìdí tí mo fi ń dárúkọ wọn ni pé mo ti gbọ́ tí àwọn ará wa ń wá olùkọ́ lẹ́sìnì kiri kí wọ́n tó gbọ́ nípa ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Lẹ́sìnì dára. Owó wákàtí kan lọ́dọ̀ ẹni tí mo bá dúnàádúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ mi fún wákàtí mẹ́ta. Mo dúpẹ́, mo ní mo máa pe é padà.

B ló gbà nínú Mathematics ní S4. Ní S5 ó ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Geography àti Graphic Communication. Gẹ̀ẹ́sì Higher ló fa irun orí rẹ̀ jù, torí pé dandan ni kí wọ́n dáhùn ìbéèrè lórí iṣẹ́ òǹkọ̀wé Scotland kan, àwọn ewì náà sì kún fún òkun, òtútù àti ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwa. Olùkọ́ rẹ̀ ló kó o yọ, kì í ṣe èmi.

Nígbà tí à ń wo ojú ewé àwọn kọ́ọ̀sì ní S6, mo rí i pé oríṣi máàkì méjì ni wọ́n kọ: ti gbogbogbòò, àti èyí tó kéré sí i. Mo bi olùkọ́ rẹ̀ ta ló ni èyí tó kéré. Ó ní kí n sọ póòsìkóòdù wa. Ìjọba Scotland ti to gbogbo àdúgbò láti orí èyí tí ìyà pọ̀ sí jù títí dé èyí tó rọrùn jù, SIMD ni wọ́n ń pè é. Láti 2016 tí ìgbìmọ̀ kan ti gbé àbọ̀ jáde, ìpinnu wọn ni pé tó bá fi máa di 2030, ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tó ń wọ yunifásítì yóò wá láti ìdá kan nínú márùn-ún àdúgbò tí ìyà pọ̀ sí jù. Àdúgbò tiwa wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n máa wá kọ tálákà sí ọmọ mi lórí ni?" Mo ní bàbá ọmọ, kò sẹ́ni tó máa kọ nǹkan kan sí i lórí, póòsìkóòdù ṣáà ti wà lórí fọ́ọ̀mù. Ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn máa ṣe bí wọ́n bá wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tún wà lára àwọn tí ètò FOCUS West ń ràn lọ́wọ́, wọ́n mú wọn lọ sínú ọgbà yunifásítì, wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ hàn wọ́n. Ní ìhà Edinburgh, LEAPS ló ń ṣe irú rẹ̀. Ní Fife àti Tayside, LIFT OFF.

Ó fẹ́ ṣe Advanced Higher Mathematics, ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ ẹ kò pọ̀ tó láti dá kíláàsì sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wọn. Glasgow Caledonian University ní ibùdó kan fún àwọn ọmọ S6 tí ọ̀rọ̀ wọn rí báyìí, Advanced Higher Hub. Ibẹ̀ ló ti kà á. Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń kàwé láìsí ẹni tó ń lé e.

Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò rí Higher tó ní S5. Ó gba kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ, ó ṣe HNC, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ṣáájú HND, lẹ́yìn rẹ̀ HND, yunifásítì sì gbà á sí ọdún kẹta. Ìyá kan nínú ìjọ wa, ẹni tó ti lé lógójì ọdún, gba ètò SWAP wọlé fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà tó fẹ́ padà sẹ́nu ìwé. Kí ẹ kàn rí i pé yunifásítì tí ẹ ń fojú sùn ń gba HND náà fún kọ́ọ̀sì náà, torí wọn kì í gbà á níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ má fi í dúró di ìgbẹ̀yìn. SAAS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ tó jẹ́ ti Scotland, £1,820 lọ́dún, tààrà sí yunifásítì. Ọmọ tó wá láti England san tó £9,535 ní 2025, tẹni tó wá láti òkè òkun sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Kì í ṣe pé ọmọ yín kàwé níbí nìkan ló ń sọ ọ́ di ti Scotland. Wọ́n ń wo ìwé ìgbélùú yín àti iye ọdún tí ẹ ti gbé. Mo ti rí ìdílé tí ọmọ wọn gba àyè, tí wọ́n wá rí i pé iye owó àjèjì ni wọ́n kọ sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ SAAS, ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀, ní S5, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti wà ní S6 báyìí. Ìbéèrè mẹ́ta ni UCAS fi rọ́pò lẹ́tà gígùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ: kí ló dé tó fẹ́ kọ́ọ̀sì yìí, báwo ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe mú un gbára dì, kí ló tún ti ṣe níta kíláàsì. Sí ẹ̀kẹta, ó kọ pé òun ń ṣe dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó tún kọ ọ́ pé òun ló ń túmọ̀ lẹ́tà dókítà fún ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń lọ sí ọdún kejì ní yunifásítì, ó sì ti rán wa létí pé ọdọọdún ni fọ́ọ̀mù SAAS, kí ó wọlé kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà tó kọjá, kí owó lè dé lásìkò.